Bẹ́ǹṣì Tó Ń Bu Lábẹ́ Páànù

Tí oṣù Agẹmọ bá ti wọlé, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà èyíkéyìí létí títì, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìkòròdú. Òpó mẹ́rin, páànù lórí, ògiri kò sí. Ẹ má tíì wo bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọ̀gá ń kàn lọ́wọ́. Bẹ́ǹṣì tó gbé iṣẹ́ lé ni kí ẹ wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú láti ilẹ̀ dé orúnkún. Abẹ́ rẹ̀ ti hu funfun, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ìhà tí òjò ń fẹ́ sí ti di àwọ̀ ewé, ó sì ń yọ̀. Bẹ́ǹṣì yìí ni ọ̀gá fi ń jẹun láti ọjọ́ tó ti gba fúríídọ̀ọ̀mù, síbẹ̀ òun ni kò sẹ́ni tó ń tọ́jú. Àga oníbàárà á gba sáńdípépà, á gba sílà, á gba fáníìṣì. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti kàn án, omi òjò nìkan ló ń gbà.

Ẹ bi ọ̀gá pé kí ló fà á, òjò ni yóò dá lẹ́bi. Ẹ bi í pé kí ló ń ṣe sí i, oògùn ni yóò máa kà fún yín: Jik, kẹrosíìnì, Solignum tí wọ́n ń kùn sára igi, ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ḿ láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó wà níwájú. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú nǹkan wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́, a ó sì dé orí wọn. Àmọ́ kò sí bẹ́ǹṣì tó ń bu nítorí pé wọn kò kùn ún ní oògùn. Omi ló wọ inú igi, tí kò rí ọ̀nà jáde. Ẹni tí kò bá tíì wá ọ̀nà àtijáde fún omi náà, owó oògùn tó ń ná lọ́dọọdún, òfo ni.

Ohun tó ń bu lára igi yìí, ọmọ ìyá olú ni. Èso rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, inú afẹ́fẹ́ ló sì wà níbi gbogbo, nínú yàrá wa, lórí títì, nínú igbó. Kò sí bí a ṣe lè lé e tán. Nǹkan mẹ́rin ló ń wá kó tó lè hù: afẹ́fẹ́, oúnjẹ, ooru tó tó, àti omi. Afẹ́fẹ́ kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru tó fẹ́ràn jù, láàárín 20 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òun gan-an ni ojú ọjọ́ wa láti Ṣẹrẹ dé Ọ̀pẹ. Oúnjẹ rẹ̀ ni ṣúgà àti sítáàṣì tó wà nínú igi tútù, pàápàá apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo. Eruku pákó wà níbẹ̀ fún un, gọ́ọ̀mù tó kán sílẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọbẹ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ dà sílẹ̀ lọ́sàn-án. (Gbogbo ọ̀gá ló ń ní kí ọmọ iṣẹ́ má jẹun lórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ọ̀gá náà ló ń jẹun lórí ẹ̀.) Omi nìkan ló kù tí agbára wa ká.

Báwo ni omi ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Àwọn onímọ̀ igi máa ń fi ìwúwo igi tó gbẹ kanlẹ̀ wọn ọ̀rinrin tó wà nínú rẹ̀. Pákó tó jẹ́ kílò 10 nígbà tí kò sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́, tó bá wá wọn kílò 12, a jẹ́ pé ọ̀rinrin inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100. Ibi ìdá 20 yìí ni ààlà wà. Igi tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bíbu kò ní rí i ṣe, kò sì ní jẹrà. Tó bá fi ń sún mọ́ ìdá 30, kì í tún ṣe ara lásán ni nǹkan ń hù sí mọ́. Àwọn olú tó ń jẹ igi gan-an á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sì dìgbà tí òjò bá ta sí igi kó tó rin. Igi a máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti wà lókè ìdá 80 nínú 100 fún ọjọ́ mélòó kan léraléra, bí ó ti máa ń rí ní Èkó láàárọ̀ lásìkò òjò, pákó tó wà lábẹ́ páànù tí kò jò rárá lè bu. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ bẹ́ǹṣì, níbi tí oòrùn kì í dé tí atẹ́gùn kì í sì í fẹ́ sí, fi máa ń ṣáájú ojú rẹ̀ bu. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní Ọ̀pẹ, afẹ́fẹ́ á gbẹ, bíbu náà á dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá á rò pé Jik tó dà sí i ní oṣù Bélú ló ṣe é.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ní Òkò Baba, ní Èbúté Mẹ́ta ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọdún ni gẹdú fi léfòó lórí ọ̀sà, tí wọ́n so wọ́n pọ̀ wá láti apá Oǹdó àti ẹkùn odò tó wà lápá ìlà oòrùn. Gẹdú tó rì sínú omi kì í bu. Omi ti kún inú rẹ̀ débi pé kò sí àyè fún afẹ́fẹ́, àwọn olú tó ń hù lára igi kò sì lè hù láìsí afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fà á sókè, tí wọ́n là á, tí wọ́n to pákó náà léra pẹkípẹkí sẹ́yìn ọkọ̀, ọjọ́ náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Pákó tútù tí káfíńtà rà bẹ́ẹ̀ tó sì fi kan bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kejì ti ní omi tó pọ̀ nínú kí òjò tó rọ̀ rárá. Kí ẹ to pákó náà sábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín wọn níkọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá fún oṣù díẹ̀, ìyẹn dára ju páànù tuntun lọ.

Kí a tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fẹ́ fọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo àbàwọ́n ló jẹ́ bíbu. Funfun tàbí eérú tó nípọn díẹ̀, tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, tó sì ń nù kúrò tí ẹ bá fi àkísà tútù nù ún, bíbu nìyẹn. Kì í jẹ igi. Ó ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, ó sì ń jẹ́ kí igi máa yára fa omi ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ló fi burú. Àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá olú rárá. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síta ló ń bá. Búlúù tàbí eérú dúdú tó wọ inú pákó arère lọ, tí ìfági kò lè fá tán, wọlé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé igi náà. Kò sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́, kò sì dín agbára pákó kù. Lẹ́búlẹ́bú tó ń dà sílẹ̀ láti inú ihò wẹ́wẹ́ tí orí abẹ́rẹ́ lè wọ̀, kòkòrò ló wà nídìí ìyẹn, Jik kò ní kó dá a dúró.

Èyí tó ń tan àwọn káfíńtà jẹ jù ni dúdú tó máa ń yí orí ìṣó ká. Mo ti rí i tí wọ́n ń da oògùn sí i ní àdàtúndà, tó sì ń dúdú sí i ni. Kì í ṣe ohun tó ń hù. Ìrókò, apá àti ọ̀pọ̀ igi líle mìíràn ní oje kan nínú tó jẹ́ pé bó bá pàdé irin níbi tó bá rin, yíǹkì dúdú ló ń di. Ìṣó, fáìsì, èérún irin tó jábọ́ nígbà tí wọ́n ń pọ́n ayùn, gbogbo wọn ló ń fi í sílẹ̀. Ẹ fi Jik díẹ̀ dán ojú kan wò. Tí àwọ̀ náà bá ṣí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bíbu ni. Tí kò bá yẹ̀, irin ni. Fún ti irin, ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣan Jik náà kúrò pátápátá kí ó gbẹ, kí ẹ tó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Èyí tí ọsàn kò bá ká, oxalic acid tí àwọn tó ń tún fọ́níṣọ̀ ṣe ń rà ká a, ṣùgbọ́n májèlé nìyẹn o, ìbọ̀wọ́ àti omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ má lo fínígà sídìí ìṣó. Fínígà máa ń yọ́ irin, yóò sì gbé yíǹkì náà wọ ibi tí kò tíì dé.

Ó ku èyí tí kò ṣeé fọ̀. Ẹ fi orí sikurudiráfà gún ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀. Bí kò bá wọlé, igi ṣì wà. Bó bá rì wọlé, tí ohun tó ń jáde sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ti jẹrà. Bí olú gidi, èyí tó ní agboòrùn tàbí èyí tó pẹlẹbẹ, bá ti hù níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gún un mọ́: inú ni gbòǹgbò olú ti ń jẹun fún ìgbà pípẹ́ kí orí rẹ̀ tó yọ síta.

Fífọ̀ ò ṣòro, àmọ́ ètò wà nínú ẹ̀. Aṣìṣe àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á mú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, wọ́n á máa ha á. Èso bíbu á gbéra, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á mí in símú, èyí tó bá kù á balẹ̀ sórí pákó tuntun tó wà ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì síta lọ́jọ́ tí oòrùn ràn, ẹ dé ìbòmú, ẹ fi omi ọṣẹ wọ́n ọn kó rin díẹ̀, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì onírun líle fọ̀ ọ́, kí búrọ́ọ̀ṣì máa bá ojú igi lọ, kó má dábùú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kò dára. Èérún rẹ̀ á kù sínú igi, ẹ ó sì padà rí yíǹkì dúdú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ọṣẹ ìfọṣọ lásán tó. Ọṣẹ dúdú náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ eérú tí wọ́n fi sè é a máa mú kí ìrókò àti ọ̀gànwó ṣókùnkùn. Lórí bẹ́ǹṣì kò sẹ́ni tó bìkítà fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má fi í fọ àga oníbàárà.

Ní tòótọ́, nínú bẹ́ǹṣì mẹ́wàá, omi ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti oòrùn á tó fún èyí tó pọ̀ jù. Tí àbàwọ́n bá ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Jik tó wọlé: ife Jik kan sí ife omi mẹ́ta, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, kó wà níbẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án. Jik á bó àwọ̀ náà, á pa èyí tó wà lójú igi. Kò ní wọ inú. Ìdá díẹ̀ péré nínú 100 ni oògùn inú ìgò náà, gbogbo ìyókù omi ni. Oògùn náà á tán lójú igi, omi rẹ̀ ni igi á fà mu. Ẹni tó bá da Jik sí bẹ́ǹṣì lálẹ́, tó sì tì í padà sábẹ́ páànù láìsá a, omi ló fún un mu. Bó bá sì ń ṣe é léraléra, Jik á máa jẹ ohun tó so okun ara igi pọ̀, ojú pákó á máa yọ irun wẹ́wẹ́. Ìgò tó ti wà nínú oòrùn fún oṣù mélòó kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára mọ́, ẹ má náwó lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó yé wa dáadáa: Jik àti fínígà kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú garawa kan. Jik àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò gbọ́dọ̀ pàdé. Jik àti ọṣẹ tàbí omi ìfọ̀lẹ̀ tó ní ammonia nínú kò gbọ́dọ̀ pàdé. Àwọn méjì tí a dárúkọ ṣáájú á bí gáàsì chlorine, ìkẹta á bí gáàsì mìíràn tó burú bákan náà. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń sun, pàápàá ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé. «Kí ó lè lágbára sí i» tí ọ̀pọ̀ fi ń po oògùn pọ̀, ibẹ̀ ni ikú wà.

Ní ti kẹrosíìnì, ó ń mú kí bíbu má hàn fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń mú kí ṣọ́ọ̀bù tí ìfá igi kún inú rẹ̀ wà nílẹ̀ de iná. Mi ò rí ìdí kankan tó fi yẹ ká lò ó. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ḿ ní àwọn olólùfẹ́ tirẹ̀ nítorí ikán, mo sì mọ̀ pé wọn ò ní gbà fún mi. Ẹ̀gbin irin inú ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, àwọn èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, ara ló sì ń bá lójoojúmọ́ nítorí pé orí bẹ́ǹṣì ni ọwọ́ máa ń wà. Yàtọ̀ sí ìlera, ó ń ba iṣẹ́ jẹ́: pákó tí ẹ bá gbé lé e á fa epo náà, gọ́ọ̀mù kò ní mú un, fáníìṣì kò ní jókòó lórí rẹ̀, oníbàárà á sì dá àga padà.

Oògùn tí mo rò pé àwọn káfíńtà wa kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí ni borax. Ó wà lọ́jà kẹ́míkà ní Ọjọ́ta, kò sì wọ́n. Ó yàtọ̀ sí àwọn yòókù ní ti pé inú igi tó rin ló ti ń rìn. Ibi tí omi bá wọ̀ ni òun náà ń wọ̀ tẹ̀lé e, ó sì ń dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti gbẹ. Ó ń ká àwọn olú lọ́wọ́ kò, ó ń bá kòkòrò ajẹgi jà, ikán náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Giramu 50 nínú lítà omi gbígbóná kan, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́, kí ẹ fi kùn bẹ́ǹṣì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá abẹ́ rẹ̀ àti oríkèé gbogbo. Àléébù rẹ̀ ni pé òjò lè ṣàn án jáde, nítorí náà igi tó wà lábẹ́ òrùlé ló wúlò fún. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé rí i, ẹ má fi ike omi mímu pò ó. Solignum ní tirẹ̀ dára fún ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì àti fún ibi tí ayùn ti gé igi níbùú. Kí ẹ má kùn ún sójú ibi tí ohun èlò oúnjẹ bíi ọpọ́n, tàbí ohun ìṣeré ọmọdé, yóò ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ìdí bẹ́ǹṣì ni ọ̀rọ̀ wà jù. Igi kì í fa omi bákan náà níbi gbogbo. Ibi tí ayùn ti gé e níbùú máa ń fa omi ju ìlọ́po mẹ́wàá ti ojú pákó lọ, nítorí pé ẹnu àwọn ihò tí igi fi ń mu omi nígbà ayé rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnu ihò náà ló gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, tó sì ń mu láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ti tó, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù náà ń fa omi, nítorí náà ẹ gé táyà mọ́tò àlòkù sí àárín búlọ́ọ̀kù àti igi. Kí ẹ tó gbé e lé e, ẹ dojú bẹ́ǹṣì náà délẹ̀ lọ́jọ́ tó gbẹ, ẹ rẹ ibi gígé náà ní Solignum títí tí kò fi ní mu mọ́. Tó bá gbẹ, ẹ yọ́ àbẹ́là sí i kó dí ihò. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Kò sí oògùn tó tó o.

Ẹ̀ta òjò náà ń ṣiṣẹ́ ibi. Omi tó ń bọ́ láti etí páànù sórí ilẹ̀ lásán máa ń ta padà, pẹ̀lú ẹrẹ̀, dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sókè. Ìdí nìyẹn tí dúdú ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì fi máa ń dúró sí ibì kan náà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ bá dà sí ojú ìṣàn omi yóò pa agbára ẹ̀ta náà. Bí ọ̀nà bá wà, ẹ fa etí páànù jáde sí i, kí ẹ sì gbé bẹ́ǹṣì wọ inú díẹ̀. Mo mọ̀ pé etí títì ni gbogbo ọ̀gá fẹ́ kí iṣẹ́ òun wà kí oníbàárà lè máa rí i. Àga tí wọ́n ti ṣe tán ni kí wọ́n gbé síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tàpólì. Bí òjò bá ṣú, ọmọ iṣẹ́ á sáré mú tàpólì tàbí ọ̀rá, á fi wé bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀ dé ilẹ̀, á fi búlọ́ọ̀kù tẹ etí rẹ̀, inú ọ̀gá á dùn. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń gbé ọ̀rinrin sókè, kò ríbi jáde. Lóru, tí ojú ọjọ́ bá tutù, ọ̀rinrin náà á di omi lábẹ́ ọ̀rá, á máa kán padà sórí igi. Ẹ ṣí i láàárọ̀, ẹ ó rí i pé bẹ́ǹṣì tí òjò kò tà sí rin ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Tí ẹ bá máa lo tàpólì, ẹ na igi kan lókè bẹ́ǹṣì kí tàpólì má fara kàn án, kí ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ fi ààyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn máa fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá sì ti dá, ẹ ṣí i, ẹ má dúró dọjọ́ kejì.

Ìgbálẹ̀ alẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun pákó tó wà nínú kọ̀rọ̀ oríkèé ń fa omi, ó ń mú un mọ́ra, ó sì jẹ́ oúnjẹ. Ẹ gbá orí bẹ́ǹṣì, ẹ gbá abẹ́ rẹ̀, ẹ kó ìfá igi kúrò nídìí ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń wọ́n iyọ̀ sójú igi nítorí pé iyọ̀ ń pa nǹkan. Iyọ̀ ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Igi oníyọ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ìṣó inú rẹ̀ á sì dípẹtà.

Nígbà tí ẹ bá ń kan òmíràn, ẹ má to pákó orí rẹ̀ pẹkípẹkí. Ẹ fi àlàfo tó tó fífẹ̀ ìka kékeré kan sáàárín wọn, kí omi lè kán sílẹ̀, kí pákó lè rí àyè wú. Wọ́n á ní ìṣó á máa bọ́ gba ibẹ̀. Ó ń bọ́ o, ẹ ṣà á.

Kí ni kí a fi kùn ojú rẹ̀? Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe òróró ẹ̀pà, kì í ṣe àdín. Oúnjẹ ni gbogbo wọn, ohun tí ẹ ń lé náà á jẹ ẹ́. Òróró linseed tútù, tí àwọn òyìnbó ń yìn, náà lè bu lára igi níbi tó bá rin. Èyí tí wọ́n ti po oògùn tó ń mú un gbẹ mọ́ ló sàn. Bí ẹ bá sì lò ó, ẹ má rún àkísà tí ẹ fi kùn ún jọ sí kọ̀rọ̀, nítorí pé ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ. Fáníìṣì ń tàn lójú bẹ́ǹṣì fún ìwọ̀n ìgbà tí òòlù kò bá tíì bá a. Lọ́jọ́ tó bá ti sán, omi á gba ibi tó sán wọlé, fáníìṣì tó kù kò sì ní jẹ́ kó jáde. Ojú bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi sílẹ̀ lásán, tí wọ́n ń gbá tí wọ́n sì ń fá díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ọyẹ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo ìyẹn lọ.

Igi tí ẹ yàn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ igi máa ń ri èèkàn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó milimita 50 mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fà á yọ wò lọ́dọọdún. Nínú àwọn igi wa tí wọ́n dán wò bẹ́ẹ̀, òpepe, apá àti ìrókò wà lára àwọn tó ń lò ju ọdún 25 lọ nínú ilẹ̀. Arère kò tó ọdún 10. Àràbà kò tó ọdún 5. Ilẹ̀ wa gbóná ju tiwọn lọ, ikán sì wà níbí, nítorí náà ẹ dín iye wọ̀nyẹn kù dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn kò yí padà. Inú igi pupa ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún o; apá funfun lẹ́bàá èèpo ìrókò kò sàn ju arère lọ, òun sì ni sọ́mìì ń tà ní ẹ̀dínwó.

Ní ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn, òpepe wọ́n. Kò sí káfíńtà tó máa fi òpepe kan odindi bẹ́ǹṣì, kò sì pọn dandan. Kí orí rẹ̀ jẹ́ àfàrà tàbí melínà tó gbẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ igi líle láti orúnkún wálẹ̀. Àjákù igi líle tó kù nínú iṣẹ́ ilẹ̀kùn ìrókò tó láti fi ṣe é. Àjákù òpó iná ńkọ́? Oògùn líle, bíi arsenic tàbí creosote, ni wọ́n fi rẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó ń pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ìfági kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ yín kó ìyókù rẹ̀ lọ dáná.

Bẹ́ǹṣì tó ti jẹrà lẹ́sẹ̀ kì í ṣe èyí tó yẹ kí a jù nù, bí òkè rẹ̀ bá ṣì le. Ẹ gé ẹsẹ̀ náà kúrò, kí ayùn kọjá ibi tó rọ̀ lọ sókè ní ìwọ̀n gígùn ọwọ́ kan, nítorí gbòǹgbò olú máa ń ṣáájú ibi tí ojú ti rí i. Ẹ gbẹ́ oríkèé àmúpọ̀, ẹ so ẹsẹ̀ tuntun mọ́ ọn pẹ̀lú bóòtù méjì-méjì, kí ẹ rẹ ìdí rẹ̀ ní oògùn bí a ṣe sọ. Ẹ má ju èyí tí ẹ gé kúrò sórí òkìtì pákó. Ẹ kó o jìnnà. Láàárín Ọ̀pẹ sí Èrèlé ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí igi gbẹ tí gọ́ọ̀mù sì ń mú, kí òjò àkọ́rọ̀ Ẹrẹ́nà tó bá a.